Ṣé itọ́ ìyá àgbà ló ba eyín ọmọ mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún méjì ààbọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ lókè ti ń dúdú, ọ̀kan ti ń kán wẹ́wẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀ tí mo bá lọ sọ́jà, wọ́n sì máa ń fi ẹnu rún ẹran kí wọ́n tó fún un. Nọ́ọ̀sì kan ní itọ́ wọn ló kó kòkòrò ràn án. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn? Àwọn míì ní kí n fi sílẹ̀, pé eyín tí yóò ká náà ni. Ìyá Àíṣátù, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àíṣátù. Nọ́ọ̀sì yẹn kò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu rẹ̀. Wọn kì í bí kòkòrò eyín mọ́ ọmọ. Èyí tó burú jù nínú wọn, Streptococcus mutans, inú itọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ló ti ń wá, pàápàá ìyá tó bí i. Ṣíbí tí ẹ fi tọ́ kókó wò kí ẹ tó fún un náà wà níbẹ̀. Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru ìyá àgbà.

Kòkòrò nìkan kì í sì í dá ihò sí eyín. Ṣúgà ló ń jẹ. Ibi tó ti ń jẹ ẹ́ ló ti ń tú omi kíkan jáde, omi yẹn ló ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣan án kúrò, tó sì ń tún ara eyín ṣe, tí ẹnu bá sinmi fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ọmọ tó mu zobo dídùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ sàn ju èyí tó ń lá súìtì láti àárọ̀ dalẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí ẹ kò sọ: kí ló ń mu sùn? Tí eyín iwájú òkè bá kọ́kọ́ bàjẹ́, tí ti ìsàlẹ̀ ń dán, fídà òru ni mo máa ń fura sí. Bí ọmọ bá ti sùn, itọ́ rẹ̀ á dín kù gan-an. Ahọ́n á bo eyín ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kókó oníṣúgà tàbí mílíìkì á wà lára ti òkè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa bu omi là á lójoojúmọ́ títí yóò fi ku omi nìkan nínú fídà náà.

Àwọn tó ní eyín yóò ká náà ni, ẹ bi wọ́n pé nígbà wo? Ti iwájú lè ká ní ọdún 6 tàbí 7, àmọ́ ti ẹ̀yìn lè dúró dé ọdún 10 sí 12. Ọmọ kò lè máa fi ìrora jẹun fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọyún tó bá dà sí gbòǹgbò lè ba eyín tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ máa fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti kó tó sùn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Tó bá pé ọdún mẹ́ta, ẹ fi tó hóró ẹ̀wà kékeré. Ọwọ́ àgbà ni kó di búrọ́ọ̀ṣì mú o.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má dárúkọ itọ́ rárá. Ẹ ní dókítà sọ pé ọmọ ti ní eyín tó lè fi jẹ ẹran tí a gé wẹ́wẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ kó máa rún un fúnra rẹ̀. Èmi ni kí ẹ dì í rù. Tí eyín bá ń dun àwọn náà, ẹ jọ mú wọn wá.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn eyín láìpẹ́. Kì í ṣe gbogbo eyín tó bàjẹ́ là ń yọ. Oògùn kan wà tí a ń kùn sára eyín láìgbẹ́ ẹ, tó ń dá ìbàjẹ́ náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ihò á dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.