Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Hápíìsì Ẹnu

Mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní mo ní hápíìsì oríṣi kìíní, HSV-1, kòkòrò tó máa ń fa egbò ètè. N kò rí egbò lẹ́nu mi rí. Ọkọ mi ń bi mí pé ibo ni mo ti kó o. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ fún un pé ìwé àyẹ̀wò yẹn kò lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IgG kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara pèsè láti fi bá a jà ló ń wá. Bó bá rí i, a mọ̀ pé kòkòrò náà ti wọ ara yín nígbà kan rí. Ó lè jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó sì lè jẹ́ nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta tí ìbátan kan fẹnu kò yín lẹ́nu. Kò sí dókítà tó lè wo ìwé náà kó sọ ọjọ́ tàbí ẹni tí ẹ ti kó o, tàbí bóyá ẹnu ló wà àbí ojú ara.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nínú àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún lágbàáyé, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ló ní HSV-1, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn kó o ní kékeré, egbò ò sì yọ sí wọn lára rí. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín náà ní in, kó má sì mọ̀. Bó bá ti ní in, ara rẹ̀ ti mọ kòkòrò náà, kò sì wọ́pọ̀ kó tún kó oríṣi kan náà lọ́dọ̀ yín. Bó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, kó rántí pé IgG máa ń fo àwọn kan tó ní HSV-1 dá, àti pé ó lè tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kíkó kí ó tó hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní IgM, tí àwọn kan ń ṣe láti mọ̀ bóyá tuntun ni, ẹ má náwó lé e lórí: kì í ya oríṣi kìíní sọ́tọ̀ dáadáa sí oríṣi kejì, kì í sì í fi hàn dájú pé tuntun ni.

Bí egbò bá yọ létè, àyẹ̀wò wo ló dára jù?

Kí wọ́n fi òwú gba omi ara egbò náà fún àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ìléròrò tó ṣì lómi nínú ni kí wọ́n tú, kí wọ́n sì fi òwú ra ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni kòkòrò pọ̀ sí. Ẹ lọ láàárín wákàtí 48 tó bá yọ. Bí ẹ bá dúró títí èépá fi bò ó, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó wà. Egbò funfun inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í sábà jẹ́ hápíìsì.

Egbò máa ń yọ létè mi lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́dún. Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́fà, egbò ò sì yọ sí i rí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìbéèrè yín yìí ló ká wa lára jù. Láti ìgbà tí ètè bá ti ń yún yín tàbí ta yín, kí ìléròrò tó yọ rárá, ẹ dáwọ́ ìfẹnukonu dúró títí èépá yóò fi já tí awọ tuntun yóò sì bò ó. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ní àkókò yẹn, kí ife, tówẹ́ẹ̀lì àti abẹ ìfárùngbọ̀n yín dá wà, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kan egbò náà, pàápàá kí ọwọ́ tó kan ojú.

Ṣùgbọ́n kòkòrò náà máa ń jáde létè nígbà mìíràn láìsí egbò. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi ẹnu kan ojú ara ìyàwó yín rárá láti oṣù keje títí yóò fi bímọ. Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HSV-1 sójú ara nígbà tí ìbímọ ti sún mọ́lé, ara rẹ̀ kò tíì ráyè pèsè ààbò tí yóò kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ sì lè kó o nígbà ìbí. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú oyún náà mọ̀ pé ẹ ní in.

Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa valacyclovir, oògùn tí a ń lò fún egbò ètè yín. Fún àgbàlagbà, gíráàmù 2, kí a tún lo 2 lẹ́yìn wákàtí 12, ó tán. Ìgbà tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í yún ni kí ẹ lò ó, torí ńṣe ló ń dí kòkòrò lọ́wọ́ kí ó má pọ̀ sí i. Bí èépá bá ti bo egbò, kòkòrò ti pọ̀ tán. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá pé yóò lo èyí tó kéré sí i.

Bí ọmọ bá dé, ẹnikẹ́ni tí egbò bá wà létè rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kò ó. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan àtààbọ̀ bá gbóná, tó kọ ọmú, tó rọ jọwọlọ tàbí tí ìléròrò yọ sí i lára, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé hápíìsì wà nínú ilé.