Báwo ni ìjàpá omi elétí pupa ṣe dé odò Yúróòpù àti Jàpáànì?
Àwọn tó ń sìn ín nílé ló jù ú sódò. Agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀ gan-an. Kékeré báyìí ni wọ́n máa ń tà á, pẹ̀lú ilà pupa lẹ́yìn ojú. Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni pé ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì lò ju 20 ọdún lọ láyé! Bó bá ti sú wọn, ó di odò. Níbẹ̀, ó ń bá àwọn ìjàpá onílé du oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń yá oòrùn.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de kíkó o wọlé ní 1997. Jàpáànì fòfin de títà rẹ̀ ní 2023, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní in lè máa sìn ín lọ, kí wọ́n má baà tún dà á sódò.