Ẹ Bá Táyé Lọ sí Kíláàsì Àwòrán Náà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú ìlú òyìnbó. Ọmọ mi Táyé pé ọdún 13 lóṣù tó kọjá. Kò sóhun tó mọ̀ ju kó máa yàwòrán lọ: ẹ̀yìn ìwé, ara báàgì, ibi tó bá ti rí àyè. Kíláàsì kan wà ládùúgbò wa ní London níbí, wákàtí méjì ní gbogbo Sátidé. Wọ́n ń gba ọmọdé, wọ́n ń gba àgbà, òbí àti ọmọ sì lè jọ wá. Bàbá rẹ̀ ní ìṣirò ló yẹ kó máa lọ kọ́ ní Sátidé bíi ti Kẹ́hìndé, pé ta ló fi àwòrán jẹun. Èmi ò mọ èyí tí mo lè ṣe. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Bó bá sì lọ, ṣé dandan ni kí n bá a lọ, èmi tí n kò mú búrọ́ọ̀ṣì dání rí? Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á dá àwọn méjèèjì sí fún yín. Ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ sì bá a lọ. Èkejì yìí ló jẹ mí lógún ju èkíní lọ, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín bó ti rí gan-an.

Ọmọbìnrin mi náà pé 13 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ irú kíláàsì yẹn ní 2014. Gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sílé wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Màá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, màá padà lọ sùn, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà, àárọ̀ Sátidé ni mo sì máa ń dé. N kò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé, kó kọ́kọ́ bi mí pé ta ni ì bá san owó ilé. Bàbá wọn ṣì wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ò tíì jáde.

Aṣọ kan wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ìró ìyá mi, òun ló fún mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ìbàdàndùn lorúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ̀yin náà á ti rí i rí: òpó Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn tò lọ, ṣíbí wà láàárín wọn. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri báyìí. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi yà á. Wọ́n se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n fi ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan lójú aṣọ, wọ́n sá a kó gbẹ, wọ́n wá ń rì í sínú aró ẹ̀lú lọ́pọ̀ ìgbà títí tó fi dú. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde. Ayàwòrán làwọn ìyá wa tó ń ṣe é, àwa la ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Òórùn aró yẹn ṣì wà lára aṣọ náà, bí mo bá ṣí àpótí, màá dúró gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀.

N kò sọ ìkankan nínú èyí fún ọmọ mi rí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi kò ju "má fọwọ́ kan àpótí yẹn" lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí táàmù parí, olùkọ́ wọn ní kí oníkálukú mú nǹkan kan wá látilé, ohun tó bá jẹ mọ́ ìdílé rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe àwòrán àlẹ̀mọ́. Wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri, wọ́n á pe òbí wá wò ó. Mo dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò tíì sùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn, òpó Mápó ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti fi àlùmọ́gàjí gé e láti etí dé etí, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Mo pariwo, Ìyá Ìbejì. Mo já páálí náà kúrò lára ògiri lójú gbogbo òbí tó wà níbẹ̀. Mò ń sunkún, mò ń bá ọmọ náà wí, Yorùbá ni mo sì ń sọ látòkèdélẹ̀, torí bí inú bá ń bí mi, Gẹ̀ẹ́sì kì í wá sí mi lẹ́nu. Olùkọ́ náà dúró tẹ́tẹ́rẹ́. Ọmọ mi ò fèsì, ó kàn ń wo ẹnu mi. Nígbà tá a wọ bọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sunkún délé. Mo rò pé ó ń kábàámọ̀ ni, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi wọ̀ ọ́ lára.

Ó tó ọdún mẹ́rin kó tó sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, orúkọ òun àti "ìyá mi" nìkan lòun dá mọ̀. Ó rò pé ìyá mi ló kú, pé ìròyìn ikú ni mo mú wá bá a ní gbọ̀ngàn. Ọmọ ọdún 13 ló jókòó ti mi nínú bọ́ọ̀sì, tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, tí kò lè bi mí. Lọ́jọ́ kejì tí ìyá mi pè lórí fóònù bó ti máa ń pè lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Mo ní ó ń ya aláìgbọràn.

Mo rojọ́ fún ìyá mi lórí fóònù náà. Mo sọ pé wọ́n ti gé aṣọ rẹ̀. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Kí ló fi yà?"

N kò mọ̀. Mo ti gbé páálí náà délé, n kò wò ó. Aṣọ ni mo rí, n kò rí àwòrán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ gbé e jáde. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó ró Ìbàdàndùn, ó wé e, pẹ́ńsù lọmọ mi fi ya ojú rẹ̀. Ìyá mi ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fojú kan wọn, ọmọ ọdún márùn-ún ni, síbẹ̀ ó ya ilà ojú wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí pé "Mama Mama Mi", kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Kò ní ẹni tó kọ́ ọ.

Kò padà sí kíláàsì náà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama níbí, kò yan àwòrán. Ẹ má rò pé mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ o. Ó ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dára, ó ń gbé nílé ara rẹ̀, àwọn èèyàn ń kí mi kú orí ire. Ní ti Yorùbá tí kò gbọ́, olùkọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní nílùú yìí ló sọ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ fún wọn nílé kí wọ́n má bàa rẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sọ ọ́ fún. A gbà wọ́n gbọ́, torí a ò fẹ́ kí ọmọ wa jìyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé tó ń gbé báyìí, ara ògiri rẹ̀ funfun báláú, kò gbé ohunkóhun kọ́ síbẹ̀, n kò sì lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé ijọ́un, fi ọnà jẹun. Àwọn ọba Èkìtì ló ń ránṣẹ́ pè é sí ààfin kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún wọn. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni wọ́n gbé wá sí Wembley ní 1924 fún àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe, Wembley tí àwa náà ń lọ ṣe ìnáwó yìí. Àwọn òyìnbó rí i, wọn ò fẹ́ kó padà lọ mọ́. Wọ́n ṣe àga ọba kan fún Ògògà dípò rẹ̀, British Museum ló sì ni ilẹ̀kùn dòní. Ẹ mú bàbá àti ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn kì í gba owó ìwọlé. Ìṣirò lè bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ọ̀sẹ̀ ò kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò mú búrọ́ọ̀ṣì dání rí. Jimoh Buraimoh, iná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo kó tó wọ kíláàsì tí Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó kan, ṣe níbẹ̀ ní 1964. Àwòrán onílẹ̀kẹ̀ tó ń ṣe lẹ́yìn náà ti dé ibi púpọ̀ láyé. N kò sọ pé ẹ̀yin náà á dà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa lé àgbà jáde torí kò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ jókòó ti Táyé, kẹ́ ẹ kun ọ̀dà yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn olùkọ́ ní DBS, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ẹ sì bi wọ́n ta ló ń pèsè ọ̀dà àti ìwé, torí ibẹ̀ ni owó máa ń gbà jáde. Táàmù kan ni kẹ́ ẹ san ná. Tówó bá le, ẹ bi káńsù yín léèrè, wọ́n máa ń ní kíláàsì àgbà tó rọrùn. Ó ku àwọn nǹkan mìíràn, ẹ ó máa rí wọn bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó mú nǹkan wá látilé, ẹ jọ ṣí àpótí. Ẹ sọ ìtàn ohun tó bá mú fún un, ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá wá gé e, kó mọ ohun tóun ń gé.

Ìyá mi ti lọ, láti 2017. Páálí náà wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi, gọ́ọ̀mù ti ń sọ etí aṣọ náà di pupa. Mo fẹ́ gbé e fún ọmọ mi kó gbé e kọ́ ògiri rẹ̀ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó bà jẹ́ ju bó ṣe wà lọ kí n tó ní ìgboyà. Bẹ́ ẹ bá dé kíláàsì yẹn, ẹ bá mi bi olùkọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ gọ́ọ̀mù lára aṣọ àtijọ́ láìjẹ́ kí aró ẹ̀lú ṣí.