Ẹ Bi Wá: Nígbà Tí Àrọ̀ Bá Ń Ṣàìsàn

Lẹ́tà márùn-ún ló wọlé láti Èkìtì lóṣù yìí lórí àìsàn ẹja. Èyí àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, nítorí ohun tó béèrè ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja ń bá yí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Táńkì kọnkéré ni mo fi ń sin àrọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 3, omi inú rẹ̀ sì jìn tó mítà 1. Ẹja 600 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 300 gíráàmù. Ikùn wọn pọ́n, ó sì wú, wọn kò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kú. Wọ́n ní kí n da kápúsù tẹtirasáìkìlìn sómi. Mo ti da 40 sí i, ikú kò dáwọ́ dúró. (Ìkẹ́rẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ má da kápúsù sómi mọ́. Omi yín jẹ́ 12,000 lítà. Kápúsù 40 tó jẹ́ 250 mílígíráàmù kò fi mílígíráàmù kan sínú lítà kọ̀ọ̀kan, kálísíọ̀mù inú omi yóò sì tún so mọ́ púpọ̀ nínú èyí tó wà níbẹ̀, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ara ògiri táńkì, tí ń sọ ammonia inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ló ṣeé ṣe kí oògùn náà kọ́kọ́ ṣe lọ́ṣẹ́.

Bí ikùn bá pọ́n tó sì wú báyìí, bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Aeromonas la máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kò sí omi adágún tí kì í sí nínú rẹ̀, ẹja tó le ń bá a gbé láìsí wàhálà. Ìgbà tí omi bá ti dìdàkudà, tí ẹja bá há ara wọn mọ́, tàbí tí àwọ̀n bá bó wọn lára, ló máa ń rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ẹ fa omi jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ àti oúnjẹ àjẹkù rọ̀ sí, títí ìdá kan nínú mẹ́ta yóò fi jáde. Omi kànga ẹ̀rọ kì í sábà ní afẹ́fẹ́ tó tó nínú, ẹ má rọra tì í wọlé láti inú páìpù. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sára páìpù yẹn, kí omi máa ya sílẹ̀ láti òkè bí òjò. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ po iyọ̀ kílò 12 nínú garawa títí yóò fi yòrò, kí ẹ dà á káàkiri táńkì ní ìdá mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín wọn. Iyọ̀ kò pa Aeromonas o. Ara ẹja ló ń ràn lọ́wọ́ kí iyọ̀ tirẹ̀ má baà máa ṣàn jáde.

Ẹ mú ẹja kan tó ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tó ṣì wà láàyè, kí ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi tó fi ń mí. Pupa mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀ ló yẹ kó rí. Bó bá dúdú bíi ṣokoléètì, nitrite, èròjà olóró tó ń ti ara ammonia jáde, ti pọ̀ jù nínú omi. Bó bá ní àbàwọ́n eérú tó ń jẹ ẹ́ láti etí, columnaris, àrùn bakitéríà mìíràn, ni ẹ máa fura sí. Bó bá ṣì pupa, ṣùgbọ́n tí omi ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikùn nígbà tí ẹ là á, Aeromonas ló jọ.

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn tó yẹ, dókítà ẹranko ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i. Oúnjẹ ni à ń po oxytetracycline, oògùn tó jẹ́ ẹbí tẹtirasáìkìlìn, mọ́: mílígíráàmù 75 fún kílò ẹja kan lójúmọ́, fún ọjọ́ 10. Kílò 180 ni ẹja yín, ìyẹn gíráàmù 13.5 ojúlówó oògùn lójúmọ́. Bí oògùn inú ike bá jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 67.5 ni ẹ máa wọ̀n. Ẹ fi òróró díẹ̀ pò ó mọ́ oúnjẹ kílò 1.8, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí òòrùn kò dé títí yóò fi gbẹ. Ẹja tí kò jẹun mọ́ kò lè rí oògùn gbà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹni tó bá ta oògùn fún yín láìbéèrè ìwọ̀n ẹja yín, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹja tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń fi ara ha ògiri, àmì funfun bíi hóró iyọ̀ sì bo ara wọn. Ṣé àrùn àmì funfun tó ń pa edé lókè òkun rèé? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ bu omi gbígbóná Ìkógosì. (Ìkọ̀lé)

Ìdáhùn: Rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ti edé, edé àti akàn ló sì ń bá jà. Tiyín jọ Ich, kòkòrò tó ń gbé abẹ́ awọ ẹja. Bó bá yó, ó máa já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, yóò fi èèpo bo ara rẹ̀, yóò sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí yóò jáde wá ẹja mìíràn. Kò sí oògùn tó ń bá a lábẹ́ awọ tàbí nínú èèpo. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan ni ọwọ́ ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fi máa ń kùnà.

Ẹ fi iyọ̀ kílò 3 sí 1,000 lítà, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 10. Láràárọ̀ ni kí ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kúrò, kí omi tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ sì ní iyọ̀ ìwọ̀n kan náà. Omi tutù nínú ọyẹ́ ń fa ìgbésí ayé kòkòrò náà gùn, nítorí náà bí àmì bá ṣì wà lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ má dáwọ́ dúró títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ẹ kò rí ọ̀kankan mọ́.

Ní ti Ìkógosì, lóòótọ́ ni Ich kò fẹ́ràn omi tó ju 30°C lọ. Ṣùgbọ́n kí omi yẹn tó dé Ìkọ̀lé, á ti tutù! Lọ́jọ́ iwájú, ẹ ya ọmọ ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14, kí wọ́n ní àwọ̀n tiwọn, kí ẹ máa sá àwọ̀n náà sóòrùn.

Ìbéèrè: Egungun orí àwọn àrọ̀ mi ń là. Ṣé ó máa ran àwọn yòókù? (Adó)

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, àìtó fítámì C pẹ̀lú omi búburú ló ń fà á, kì í ràn fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tó ti pẹ́ nínú ilé gbígbóná kì í ní fítámì náà tó mọ́. Ẹ ra èyí tí ẹ lè lò tán láàárín oṣù kan, kí ẹ sì pààrọ̀ omi.

Ìbéèrè: Gbogbo ẹja inú kòtò ilẹ̀ mi kú. Ìgbà wo ni mo lè kó tuntun sí i? (Ọ̀yẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ fa omi tán, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ títí yóò fi sán. Ẹ fọ́n láìmù gbígbóná (quicklime) sí i, gíráàmù 100 sí 200 fún ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Kòtò mítà 20 sí 10 yóò gba kílò 20 sí 40. Ẹ bo imú àti ojú, nítorí ó ń jó ara. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fa omi sí i. Bí pH, ìwọ̀n kíkan tàbí àìkan omi, bá ti wálẹ̀ sí 8.5, ẹ fi ẹja 10 sínú àpò àwọ̀n nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá yè, ẹ kó ìyókù wọlé. Ẹ sin òkú ẹja jìnnà sódò.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja ni mo ń yan tà. Ṣé mo lè ra ẹja tó ń ṣàìsàn lówó pọ́ọ́kú? (Ìjerò)

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ má ra èyí tó ti kú kí ẹ tó débẹ̀, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ike, nítorí Aeromonas lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó sì ń mú ọwọ́ wú. Èyí tí iná yíyan dénú rẹ̀ dáadáa, kòkòrò rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé iná pé á mú oògùn kúrò lára ẹja. Ẹ béèrè ọjọ́ tí olùsìn fún wọn lóògùn kẹ́yìn: bó bá jẹ́ oxytetracycline, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ ti kọjá kí ẹ tó sanwó.