"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ": ilé wo?

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta níbí, ló béèrè. Ó fẹ́ kó fáìlì oríkì kan láti orí Mac rẹ̀ sínú fódà àjùmọ̀lò orí server Linux (kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń kó fáìlì sí), ni wọ́n bá ní orúkọ fáìlì gùn jù. Ọ̀gá rẹ̀ ò wí ju òwe yìí lọ. Kí ló pa òwe àti kọ̀ǹpútà pọ̀?

Ilé ọdẹ ní ń bí Ọdẹ́wálé, ilé onílù ní ń bí Àyándélé. Ìyẹn yé gbogbo wa. Ibi tó le ni ká mọ ilé tí à ń wò gan-an. Lójú àlejò, ìlú kan ṣoṣo ni Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, Kéèsì ò di Ìtòkò, Ìjẹ̀mọ̀ ò di Ìkìjà; oníkálukú gbé orúkọ àti oyè rẹ̀ dání wá. O lè rìn láti àdúgbò kan bọ́ sí èkejì láìrí odi, kí àṣẹ ti yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni NFS, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fódà orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Fódà náà jọ ti kọ̀ǹpútà rẹ, orí dísíìkì ẹlòmíràn ló sì wà. APFS, ètò tí Mac fi ń tọ́jú fáìlì, gba 255 nínú orúkọ, ext4, ti Linux, náà gba 255, àmọ́ àmì kíkọ ni ti àkọ́kọ́ ń kà, báìtì (ẹyọ àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́) ni ti èkejì. Kóńgò ni méjèèjì ń jẹ́. Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ̀ pé kóńgò ò dọ́gba. Àmì ohùn wa ló ń jẹ báìtì: ẹ́ kan ṣoṣo, báìtì 5. Lẹ́tà 8 ni "Abẹ́òkúta", báìtì 14 ló gbà.

Ẹ̀dà kejì NFS ò tiẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń bi server bí orúkọ tó lè gbà ṣe gùn tó. Ẹ̀dà kẹta, ní 1995, ló mú PATHCONF, ìbéèrè fún ìwọ̀n náà, wá. Nítorí náà, ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Mac, tẹ getconf NAME_MAX, kí o sì fi ọ̀nà fódà àjùmọ̀lò náà tẹ̀ lé e. Má bi "/", ìpìlẹ̀ dísíìkì Mac rẹ, ilé tìrẹ nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí o yọ àmì ohùn. Èmi ò fara mọ́ ọn: Òwu kì í ṣe òwú. Gé orúkọ náà sí "Oríkì Òwu 03", kí o kọ ìyókù sínú ìwé kékeré kan nínú fódà kan náà.