Àbúrò mi ti dákẹ́: ṣé ara rẹ̀ ti yá nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, pẹ̀lú Down syndrome, ipò àbínibí tó máa ń jẹ́ kí òye ènìyàn lọ́ra. Ọ̀dọ̀ màmá wa ní Arówómọlẹ̀, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ló ń gbé títí màmá fi kú lóṣù kejì ọdún yìí. A kò sọ fún un. A ní wọ́n lọ sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ló ti ń kígbe lóru, tó ń gbá orí mọ́ ògiri. Èkó ni èmi ń gbé, àwọn tó kù sì wà nílé ọkọ, la bá mú un lọ sí ilé kan lójú ọ̀nà Ìlọrin tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àkàndá ẹ̀dá. Wọ́n ń fún un lóògùn, wọ́n sì ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ní báyìí ó ti balẹ̀ pátápátá. Ibi tí wọ́n bá mú un jókòó sí náà ni yóò wà. Wọ́n ní kí á san owó ọdún kan sílẹ̀, pé tí abẹ́rẹ́ náà bá ń lọ déédéé, ọpọlọ rẹ̀ yóò pé. Ṣé kí á san án? Ṣé a sì lè máa ra abẹ́rẹ́ náà fúnra wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san owó ọdún kan. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ kankan. Ohun tí ẹ béèrè nìyẹn, mo ti dáhùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí kò kúrò lọ́kàn mi: "ó ti balẹ̀ pátápátá." Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń kọ ọ́ sí mi. Àwọn ẹbí láti Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn, láti inú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ń kọ ọ́, ọpẹ́ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba: kí ènìyàn dákẹ́ kọ́ ni kí ara rẹ̀ yá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí àgbo, kò sí ààwẹ̀ tó lè mú Down syndrome kúrò lára ènìyàn. Kúrómósómù, àwọn okùn tíntìntín tó gbé ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, jẹ́ 46 nínú ara ọ̀pọ̀ wa. Ti àbúrò yín jẹ́ 47. Bẹ́ẹ̀ ló wà kí wọ́n tó bí i. Kì í ṣe wèrè, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe màmá yín. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín pé òun yóò mú ọpọlọ rẹ̀ pé, irọ́ ló ń pa fún yín, kò sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rárá.

N kò tíì rí àbúrò yín, n kò sì rí páálí oògùn náà, nítorí náà ẹ má gba ohun tí mo ń kọ yìí bí ìwé dókítà. Àmọ́ abẹ́rẹ́ oṣooṣù tí wọ́n ń gún fún ẹni tó ń kígbe sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn àrùn ọpọlọ, èyí tí a ṣe fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Tí a bá gún ẹni tí kò ní àrùn náà, yóò dákẹ́ lóòótọ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, ẹ wò bóyá itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, bóyá ara rẹ̀ gan, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì o! Dókítà ló ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bowen àti ti LAUTECH. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn náà dání lọ.

Ẹ má rò pé àìsí òfin nílẹ̀ wa ló fa fífi oògùn pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní 2015, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye, bíi 30,000 sí 35,000, ló ń lo oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ lójoojúmọ́ láìní àìsàn tí a ṣe oògùn náà fún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo STOMP láti gbógun tì í. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó padà wálé, mo sì rí àwọn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí a dín oògùn wọn kù.

Ó sì lè má jẹ́ oògùn ló mú un dákẹ́. Ẹni tó ní Down syndrome máa ń tètè ní àìsàn thyroid, ẹran kékeré inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń wú. Tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ènìyàn á máa rẹ̀, á máa tòògbé, kò ní fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọn yóò gbà láti mọ̀ ọ́n, oògùn rẹ̀ sì wà. Etí lè dí. Eyín lè máa dùn ún. Igbe òru yẹn pàápàá, ta ló béèrè ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́? Ẹni tí kò lè sọ pé "inú ń run mí", igbe ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Níbo lẹ ti máa ń rí i tí ẹ bá lọ kí i? Ó dà bíi pé pálọ̀ ni wọ́n máa ń mú un wá, tí wọ́n ti wẹ̀ fún un, tí wọ́n ti fi ìpara kùn ún lára. Ilé ìwòsàn kan wà nítòsí Bristol, ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pè ní Winterbourne View. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan tó bíi 3,500 pọ́n-ùn. Wọn kì í sábà jẹ́ kí àwọn ẹbí dé ibi tí àwọn èèyàn wọn ń sùn. Ní 2011, BBC gbé kámẹ́rà pamọ́ síbẹ̀, gbogbo ayé sì rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń lu àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú. Àwọn mọ́kànlá ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi; mẹ́fà nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ní 2012. Owó ńlá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ lọ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ tí wọn kò retí yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá aṣọ tirẹ̀ ló ń wọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín, báwo ló ṣe máa ń ṣe tí kò bá fẹ́ nǹkan, ọjọ́ wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò mọ àbúrò yín. Tí wọ́n bá ní ẹ kò lè wọlé, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin tó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara àti yíyà wọ́n sọ́tọ̀ léèwọ̀ wà ní Nàìjíríà, Ààrẹ Buhari ló fọwọ́ sí i ní January 2019, ṣùgbọ́n òfin kò ní bá yín kan ilẹ̀kùn yẹn.

Mo ní kí ẹ béèrè nípa ìgbẹ́ rẹ̀ nítorí ohun kan. Ní Ìlú Ọba, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní supported living. Ẹni náà ní ilé tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilé. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń wá ràn án lọ́wọ́. Tí olùrànlọ́wọ́ kò bá dára, òun ni yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ, onílé yóò dúró. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Suffolk, ẹni ọdún 33, tí òun náà ní Down syndrome, tí ìgbẹ́ kì í sì í yà lára rẹ̀ dáadáa láti kékeré. Nígbà tí wọ́n yí ilé tó ń gbé padà sí supported living ní 2010, oúnjẹ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́. Ó kú ní 2012. Ìgbẹ́ kìlógíráàmù mẹ́wàá ni àwọn dókítà kó kúrò nínú rẹ̀. Orúkọ rere ni wọ́n fún ilé náà, ẹnìkan kò sì wo ikùn rẹ̀. Àwọn kan nínú oògùn tí mo mẹ́nu bà lókè máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, nítorí náà ẹ béèrè.

Ṣé ẹ ti ta ilé màmá yín? Tí ẹ kò bá tíì tà á, ẹ má tà á. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n, ó mọ ọ̀nà. Ẹ fi owó ọdún kan yẹn gba ẹnì kan tí yóò máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹlòmíràn tí yóò máa sùn tì í. Kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ìyá máa di owó mú. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan: ohun tó jẹ, ìgbà tó yàgbẹ́, bó ṣe sùn, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, pé àwọn kan nínú ẹbí yóò ní wàhálà ni. Wàhálà ni lóòótọ́, màmá yín nìkan ló sì gbé e fún ọdún 34.

Ọ̀rọ̀ màmá ló kù. Ẹ sọ fún un. Ọmọkùnrin tó ti bá ìyá rẹ̀ gbé láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tó jí lọ́jọ́ kan tí kò rí i mọ́, tí wọ́n ní ó lọ sí Ìbàdàn, tí Ìbàdàn kò sì parí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe lóru? Ẹ mú un lọ sí ojú oórì. Ẹ má ṣe ní wọ́n sùn, ẹ má ṣe ní wọ́n rìnrìn àjò. Ẹ ní màmá ti kú, wọn kò ní padà wá, àwa wà níbí. Yóò sunkún. Ẹ jẹ́ kó sun ún, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àìsàn. Ó ṣeé ṣe kó tún béèrè màmá lọ́la, àti lọ́túnla. Ohun kan náà ni kí ẹ tún sọ fún un, pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.