Láti Kétu dé Àjàṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, ṣé mo lè ṣe é?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ará àdúgbò ní Kétu, nílẹ̀ Benin níbí, fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti fi kówó jọ ra bẹ́ǹṣì fáwọn ọmọ iléèwé, ó ku oṣù mẹ́ta, ọjà nìkan lèmi ń gùn ún lọ, ṣé mi ò ní kú sọ́nà báyìí? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ẹ ò ní kú jàre! Ọ̀nà yẹn lé ní 100 kìlómítà, ẹ máa gba Pọ́bẹ̀ àti Sakétẹ́ kọjá, oṣù mẹ́ta sì tó. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì kúkurú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn. Ẹ fi 20 kìlómítà bẹ̀rẹ̀ èyí tó gùn, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti gun 75, ẹ ti ṣe tán.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù o. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kẹ́sẹ̀ yín nà tán, tó bá ṣì ká, ìjókòó ti wálẹ̀ jù nìyẹn, orúnkún ló máa jìyà ẹ̀. Èmi náà ṣe é rí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn bí arúgbó.

Omi ńkọ́? Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi iyọ̀ táńpẹ́ àti ṣúgà sí i. Ẹ mú tíúbù kan àti pọ́ǹpù dání, kẹ́ ẹ sì gbéra láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú.